Bí A Bá Gé Àmì Dúdú Kúrò Lára, Iṣẹ́ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ni

Iṣẹ́ dókítà tí ń gé àmì dúdú kékeré kúrò lára ènìyàn kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ara kú ni yóò kọ́kọ́ gún sí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ yóò ṣiṣẹ́, yóò fi okùn rán an tàbí kí ó fi báńdéèjì bò ó, aláìsàn yóò sì padà sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni pé iṣẹ́ tí ó kù fún awọ ara láti ṣe lẹ́yìn èyí lè gba oṣù mẹ́ta, ó sì lè gba ọdún kan gbáko. Ẹni tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ kì í ṣe dókítà bí kò ṣe ẹni tí ó ni ara.

Àmì tí à ń wí yìí ni àwọn mìíràn ń pè ní tàdáwà. Àwọn Hausa, tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá ń bá gbé ní Kánò, Kàdúná àti Zaria, ń pè é ní tawadar Allah, èyí tí ó túmọ̀ sí tàdáwà Ọlọ́run, bí ẹni pé Ọlọ́run ni ó fi gègé kán an sí ara ẹ̀dá. Ìdí tí a fi ń gé e kúrò kò jọra. Òmíràn wà ní ibi tí ọrùn ẹ̀wù ń ha tàbí ibi tí abẹ ìfárùngbọ̀n ń gbà kọjá, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo. Òmíràn ń ba ojú jẹ́ lójú ẹni tí ó ni ín. Òmíràn sì ń fu dókítà lára. Ní ti àwọn kókó dúdú wínníwínní tí ó máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú àwọn àgbàlagbà wa, èyí tí ọmọ sábà máa ń jogún lọ́dọ̀ ìyá tàbí baba, kò sí ewu kankan nínú wọn. Dókítà ará Ítálì kan, Aldo Castellani, ni ó kọ wọ́n sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1925. Ẹni tí wọn kò bá yọ lẹ́nu lè fi wọ́n sílẹ̀ títí ayé.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yọ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò gbé ojú rẹ̀ fún. Àwọn kan wà ní ẹ̀bá títì àti ní ilé ìṣerun tí ń fi oògùn ajónilára kán àmì bẹ́ẹ̀ láti jó o dànù. Oògùn bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí àmì parí sí. Bí ó ti ń jẹ dúdú náà ni yóò máa jẹ awọ tí kò ṣẹ̀, ihò tàbí àpá tí ó bá sì dá sí ojú kì í ṣe ohun tí àtíkè lè bò.

ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí a fi báńdéèjì tí wọ́n dì ní ilé ìwòsàn sílẹ̀ bí ó ti wà, kí omi má sì kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún ìṣẹ́jú 15 láìṣí i wò. Ṣíṣí wò yẹn gan-an ni ó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń dì yóò tún já. Bí a bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ilé ìwòsàn ló kù. Parasítámọ́ọ̀lù tó fún ìrora. Asipirín lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ti ní kí ó máa lò ó nítorí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn, a lè fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a fi aṣọ tí ó mọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, kí a má nù ún, kí a má sì mú kànìnkànìn dé ibẹ̀. Kí a wá fi fasilíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí a sì fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ bò ó. Ohun tí a ó máa ṣe lójoojúmọ́ nìyí títí awọ tuntun yóò fi bo ojú ibẹ̀. Kí fasilíìnì náà jẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kì í ṣe ìgò tí gbogbo ilé ti ń ki ìka bọ̀ láti èṣín.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn máa ń wà láàrin ilé. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ni pé kí a ṣí ọgbẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ó gbẹ, kí èépá sì bò ó. Èrò yìí kò bá ohun tí ìwádìí fi hàn mu. Ní ọdún 1962, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ George Winter tẹ àbájáde iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ọgbẹ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ jáde. Ó bo àwọn ọgbẹ́ kan kí wọ́n má baà gbẹ, ó sì ṣí àwọn mìíràn sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Awọ tuntun yára bo èyí tí ó wà lábẹ́ ìbòrí ní ìlọ́po méjì ju èyí tí èépá bò lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Awọ tuntun kì í fò. Ń ṣe ni ó ń rákò láti etí ọgbẹ́ wá sí àárín. Bí ojú ọgbẹ́ bá tutù, yóò rí ọ̀nà gbà. Bí ó bá ti gbẹ dì bí èèpo igi, abẹ́ èépá náà ni yóò máa wá ọ̀nà kiri.

Ẹ má ṣe rò pé fasilíìnì lásán kò tó, pé ìpara apakòkòrò ni ó yẹ. Ní ọdún 1996, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi fasilíìnì pa ọgbẹ́ abẹ àwọn kan, tí wọ́n sì fi ìpara apakòkòrò pa ti àwọn mìíràn. Ọgbẹ́ àwọn tí ó lo fasilíìnì jinná bákan náà, kòkòrò àrùn kò sì wọ tiwọn ju ti àwọn yòókù lọ. Irú ìpara apakòkòrò bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ máa ń yún ẹlòmíràn lára, tí ara rẹ̀ yóò fi sú.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ó KAN ỌGBẸ́

Sipíríìtì ni ó gba iwájú. Títa tí ó ń ta ènìyàn ni ó mú kí a gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń pa kòkòrò ni ó ń pa ẹran ara tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bákan náà ni oògùn olómi tí ń hó yaya lórí egbò. Ọṣẹ ìfọyín, eérú, epo bẹntiróò àti ìyẹ̀fun inú kápúsù tí àwọn ènìyàn ń tú dà sórí ọgbẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìyẹ̀fun kápúsù burú jùlọ nínú wọn, nítorí pé ó máa ń dì mọ́ ojú ọgbẹ́ bí sìmẹ́ńtì, ọyún yóò sì máa gbá jọ sí abẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Àwọn olóólà ayé àtijọ́ máa ń ro omi ìgbín sí ojú ilà àti ojú abẹ ọmọ tí a dá lábẹ́, kí ara lè tu ọmọ. Ọgbọ́n ìgbà tiwọn ni, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni ìgbín ń jẹ̀, kòkòrò àrùn kò sì jìnnà sí omi ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní fasilíìnì mímọ́ lọ́wọ́ kò ní ìdí láti pa ìgbín nítorí ọgbẹ́. Ní ti òrí, ìgbà tí awọ bá ti pa ojú dé ni ó wúlò, láti mú kí àpá rọ̀. Òrí inú igbá tí ó wà ní ìta ọjà, tí eruku ń fẹ́ sí lára láti òwúrọ̀, kò yẹ kí ó kan ọgbẹ́ tí ojú rẹ̀ ṣì là.

Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ máa ń sọ pé bí ọgbẹ́ bá ń pọ́n, kòkòrò àrùn ti wọ inú rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yìí kì í hàn dáadáa, ẹni tí ó bá sì ń dúró dè é lè pẹ́ jù. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ àti imú wá ni pé kí ibẹ̀ máa gbóná, kí ó máa wú, kí ó le koránkorán, kí ìrora tí ó ti ń dín kù tún máa pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, kí ọyún tàbí òórùn jáde, tàbí kí ibà mú ènìyàn. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó láti padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tètè lọ ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọgbẹ́ tirẹ̀ kì í yára jinná. Kí olúkúlùkù sì bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára ipá tí ó ti gbà ṣì ń ṣiṣẹ́.

OKÙN, IṢẸ́ ÀTI OJÚ ỌJỌ́

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi okùn rán ojú ibẹ̀, tí kì í ṣe irú okùn tí ń yọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí a ó tú u yàtọ̀ sí ara wọn. Ti ojú máa ń tó ọjọ́ 5 sí 7. Ti àyà, ẹ̀yìn, apá tàbí ẹsẹ̀ lè tó ọjọ́ 10 sí 14. Ẹni tí ó bá lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Oṣogbo, tí ó sì gé àmì kúrò lára níbẹ̀ kí ó tó padà sí Sókótó tàbí Port Harcourt, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tí ó gé e, kí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí rẹ̀ lè mọ irú okùn tí a lò àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a tú u. Ọ̀pọ̀ ni kì í gba ìwé yìí. Okùn tí ó yẹ kí ó lo ọjọ́ méje yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpá rẹ̀ yóò sì dà bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn lójú.

Títú okùn kò túmọ̀ sí pé ara ti padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, agbára tí ojú ọgbẹ́ ní kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti awọ tí a kò gé rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ títí, kò ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Nítorí náà, ìyá tí a gé àmì kúrò ní ẹ̀yìn tàbí ní èjìká rẹ̀ kò gbọdọ̀ gún iyán lọ́sẹ̀ kejì, kí ó má sì fi ọ̀já pọn ọmọ. Fífà tí ọ̀já ń fa awọ ẹ̀yìn ni yóò fẹ ojú àpá náà, tí ohun tí ó yẹ kí ó rí bí fọ́nrán òwú yóò fi gbòòrò bí ìka. Ẹni tí ọgbẹ́ wà ní orí tàbí ní àgbọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún onígbàjámọ̀ kí kílípà má dé ibẹ̀. Mùsùlùmí tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní ibi tí omi àlùwàlá ń kàn kò níláti rẹ ẹ́ sómi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ̀sìn fi àyè sílẹ̀ fún un láti fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì, ààfáà rẹ̀ yóò sì ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é.

Ìlú tí ènìyàn ń gbé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Ní àsìkò ọyẹ́ ní Kánò, Jos tàbí Màídúgùri, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò fa omi kúrò nínú ọgbẹ́, awọ tuntun yóò sì máa sán. Kí a máa fi fasilíìnì pa á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí a sì bò ó nítorí eruku. Ní Warri, Calabar àti Port Harcourt, òógùn àti ọ̀rinrin ni ìṣòro. Báńdéèjì tí ó bá ti rin gbọ́dọ̀ kúrò kíákíá, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

ÀPÁ TÍ KÒ MỌ ÀÀLÀ

Àwa ènìyàn dúdú wà lára àwọn tí àpá ara wọn máa ń wú yọ jù ní ayé. Àpá kan wà tí ń wú, tí kì í kọjá ibi tí ọgbẹ́ mọ; èyí sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Èkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kẹ́lọ́ìdì. Òun kò mọ ààlà. Ó ń gba orí awọ tí abẹ kò kàn rí kọjá, ó ń yún ènìyàn, ó ń dunni, ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etí, àyà, èjìká, òkè ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó fẹ́ràn jù. Ẹni tí ojú ihò yẹtí rẹ̀ tàbí ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wú rí, tàbí tí ìyá tàbí baba rẹ̀ ní irú rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí abẹ tó kan ara rẹ̀. Bí àmì náà kò bá sì ní ewu, tí kò sì dí ènìyàn lọ́wọ́, ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ ju kí ó fi kókó dúdú kékeré ṣe pàṣípààrọ̀ àpá ńlá.

Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wú, ìgbà tí ó ṣì kéré ni kí a lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń gún sínú àpá náà gan-an ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tàbí mẹ́fà mẹ́fà, tí ń mú kí ó rọlẹ̀. Ìpara sílíkóònì àti ọ̀rá sílíkóònì tí a ń lẹ̀ mọ́ àpá fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ náà wà, èyí tí ẹni tí ó ń bẹ̀rù àpá lè bẹ̀rẹ̀ ní gẹ́rẹ́ tí awọ bá ti pa ojú dé. Ohun tí kò yẹ ni kí a kàn gé kẹ́lọ́ìdì kúrò láìṣe ohun mìíràn tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ń ṣe ni yóò padà wá, yóò sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò le tó èyí. Ojú ibẹ̀ lè dúdú ju ara yòókù lọ fún oṣù púpọ̀, tàbí kí ó funfun díẹ̀. Oòrùn ni ó ń mú kí dídúdú náà pẹ́, nítorí náà fìlà, gèlè, agboòrùn tàbí ìpara tí ń dènà oòrùn yóò ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ra ìpara tí ń bóra. Púpọ̀ nínú wọn ní oògùn tí ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná bó ti yẹ. Òmíràn ní èròjà mákúrì tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

OHUN TÍ A GÉ KÚRÒ ŃKỌ́?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wúwo jù. Àmì tí a bá gé kúrò kì í ṣe ohun tí a ń jù sínú garawa ìdọ̀tí, pàápàá bí ó bá ń yí padà kí a tó gé e. Inú ìgò omi fọ́málíìnì, tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ni kí ó lọ, kí a kọ orúkọ aláìsàn sí i lára, kí a sì gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara ní ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn Yunifásítì tí ó wà ní Shika ní Zaria, ti Aminu Kano ní Kánò, ti Jos, ti Benin àti ti Ituku-Ozalla nítòsí Enugu ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìwòsàn kékeré kan bá ní kò pọn dandan, aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìdí, kí ó sì sanwó láti gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi oògùn ajónilára jó tirẹ̀ dànù ní ẹ̀bá títì kò ní ohun tí a lè wò mọ́.

Jẹjẹrẹ tí ń ti inú àwọ̀ dúdú awọ jáde kò wọ́pọ̀ láàrin wa bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun. Àmọ́ ibi tí ó máa ń yọ sí lára wa jù ni àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti máa pè é ní ojú ẹ̀gún tàbí ojú ibi tí wọ́n ti fẹsẹ̀ kọ. Bob Marley, olórin ará Jàmáíkà, rò pé bọ́ọ̀lù tí òun ń gbá ni ó fa egbò tí ó wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ní ọdún 1977 ni àwọn dókítà rí i pé jẹjẹrẹ yìí ni ó wà lábẹ́ èékánná náà. Kò gbà kí a gé ìka ẹsẹ̀ náà nítorí ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Èékánná àti awọ abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé, wọ́n sì fi awọ mìíràn dí i. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni ó kú ní Miami, nígbà tí àrùn náà ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni.

Àmì tí ó bá ń tóbi, tí apá rẹ̀ kan kò bá èkejì mu, tí etí rẹ̀ rí ságaṣàga, tí ó ní àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tàbí tí ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, kí dókítà rí i. Bákan náà ni ìlà dúdú inú èékánná tí ń fẹ̀ sí i, àti egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò jinná.

Ẹni tí a ti gé tirẹ̀ ṣì ní ohun méjì láti ṣe lẹ́yìn tí àpá bá ti jinná. Kí ó gba ìwé àbájáde àyẹ̀wò náà, kí ó sì fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ìbí àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó lè rí i mú dání bí iṣẹ́ bá tún gbé e kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Kí ó sì máa wo ojú àpá náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹlòmíràn bá a wo ti ẹ̀yìn. Bí dúdú bá tún yọ nínú àpá náà tàbí létí rẹ̀, tàbí bí kókó kan bá wú ní abíyá tàbí ní ojú abẹ́ rẹ̀, kí ó mú ìwé yẹn tọ dókítà lọ láàrin ọ̀sẹ̀ náà.